Ìrù Nọ́ńbà Tí Mo Gé Fún Ẹlẹ́nu-Méjì

Ẹ sún mọ́ ibí. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, kó wá ògiri fẹ̀yìn tì. Ẹni tí ebi ń pa, kó lọ jẹun kó tó padà wá, nítorí ìtàn mi kò ní ibùdókọ̀ láàárín. Ìyá onígèlè búlúù, ẹ má jókòó sórí àpótí yẹn, ẹ bọ́ sórí àga alápá yìí. Ẹ̀yin ni mo tọ́jú rẹ̀ fún. Òjò ọ̀sán ti dá, ilẹ̀ sì tutù. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu rin ìrìn tí ẹsẹ̀ mi kò lè rìn mọ́.

Èmi ni Ọdẹ́dìran ọmọ Akíntáyọ̀, ọdẹ tó na ìka sí ẹfọ̀n lójú tí ẹfọ̀n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Kìnnìún kan wà lápá òkè odò wa, bó bá ti gbọ́ ikọ́ mi, á ní ewé lòun ń jẹ, òun kò fẹnu kan ẹran rí. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in tán nísinsìnyí o, nítorí inú ìtàn yìí ni mo ti rí i pé agbára ọdẹ a máa dà bí agbòjò lábẹ́ òrùlé: ẹrù lásán ni.

Ohun tó gbé mi débi tí mo dé kò ju ẹyọ kan lọ. Móradéùn ìyàwó mi gbàgbé mi.

Kì í ṣe pé ó bínú sí mi. Ìyàwó tó ń bínú mọ ọkọ rẹ̀ dunjú. Ohun kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀: á fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á máa pè mí lórúkọ àbúrò mi. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ó jí, ó rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rọra dìde láìsọ̀rọ̀, ó gbé ọmọ odó, ó là á mọ́ mi léjìká lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wá rántí pé ó yẹ kí òun pariwo olè. Àwọn aládùúgbò sáré dé, wọ́n gbà mí sílẹ̀. Wọ́n ní, “Ìyá, ọkọ yín nìyí.” Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, “Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkọ mi kò darúgbó tó báyìí.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Bàbá Àlejò nínú ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́. Á bu oúnjẹ fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á ní, “Bàbá Àlejò, ẹ máa jẹun ná, ọkọ mi ò ní pẹ́ dé.” Ẹ̀yin ọkùnrin tó wà níbí, ta ló ti jókòó rí nínú yín tó ń dúró de ara rẹ̀?

Ìyá onígèlè búlúù ń mi orí. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá, ó ṣeni láàánú.

Mo dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn mẹ́rin. Ẹni kẹrin fún mi ní àgúnmu, mo ní kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ni èmi fúnra mi bá gbàgbé ibi tí mo fi fìlà mi sí. Títí di òní mi ò tíì rí i. Níkẹyìn ni mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Láṣebìkan, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó fi ogójì ọdún to ìwé nílé ìkàwé kó tó fẹ̀yìn tì. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó nu awò ojú rẹ̀.

“Ọdẹ,” ó ní, “igbó kan wà tí wọ́n ń pè ní Igbó Àká-Ìwé. Kò sí ìwé tí ọmọ aráyé kọ rí tí ẹ̀dà rẹ̀ kan kò sí níbẹ̀. Èyí tó sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń ṣe ìyàwó yín wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi orúkọ wá ìwé níbẹ̀, nọ́ńbà ni.” Ó fẹnu sí mi létí. “Ẹẹ́fà, oókan, ẹẹ́fà, pọ́ìntì, ẹẹ́jọ, ẹẹ́ta,” ó sì tún fi nọ́ńbà ẹyọ kan kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. “Ẹ má jẹ́ kí ọ̀kankan já bọ́ níbẹ̀. Kí ẹ sì yára. Ohun tó ń jẹ ìyá lórí kì í sinmi. Kí iṣu tuntun tó jáde, ó lè máà mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́.”

Mo gbé nọ́ńbà náà sẹ́nu bí ẹni gbé omi gbígbóná, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó di igbó. Bí mo ṣe débẹ̀, ẹ má bi mí. Bí ọ̀rọ̀ bá ń lé ènìyàn, kì í ka igi ẹ̀bá ọ̀nà.

Ẹnu bodè igbó náà ni mo ti pàdé Ẹlẹ́nu-Méjì. Orí rẹ̀ tó àká àgbàdo, ẹnu méjì ló sì wà lójú rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ti òkè lẹ́kọ̀ọ́, ti ìsàlẹ̀ kò lẹ́kọ̀ọ́.

Ti òkè ní, “Ẹ kú ìrìn, bàbá.”

Ti ìsàlẹ̀ ní, “Ìrìn wo? Wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí igi ìdáná.”

Mo fìbínú ki ara mi. Mo ki baba mi, mo ki baba tó bí i, mo sọ ọ̀rọ̀ ẹfọ̀n, mo sọ ọ̀rọ̀ kìnnìún. Bí mo ṣe ki ara mi tán, mo fò sókè, mo gun ọ̀pẹ kan dé góńgó kí n lè máa wò ó láti òkè. Ẹ gbọ́ o: ọ̀pẹ náà tẹ̀ kòró, ó gbé mi wálẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì fi mí yún imú. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ni.

“Ẹ jọ̀ọ́ bàbá,” ẹnu òkè wí, “kí ni ènìyàn ní tí kò mọ̀ pé òun ní in, àfi lọ́jọ́ tó bá sọnù?”

Omi bọ́ lójú mi láìròtẹ́lẹ̀. Mo ní, “Ìyàwó tó mọ̀ ọ́n.”

Ti ìsàlẹ̀ fèsì, “Kò burú. Eyín ni mo ní lọ́kàn.” Ó wá bi mí pé, “Kí lo gbé lẹ́nu?”

“Nọ́ńbà ni.”

“Kí wá ni tèmi níbẹ̀?”

Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin ọmọ ìlú yìí, ẹ mọ àṣà wa. Bí ọdẹ bá pa ẹran, ìrù rẹ̀ kì í wọ ilé ọdẹ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lọ́nà ló ni ín. Bí ọdẹ bá sì ti gé ìrù fún ẹni náà, kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́, kódà nínú ọkàn rẹ̀, nítorí ẹni tó ń rántí ọrẹ tó ti ta, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Mo ti gé ìrù tó ẹgbẹ̀ta láyé mi. Ọwọ́ mi kì í bi orí mi léèrè mọ́. Ẹlẹ́nu-Méjì sì ni mo kọ́kọ́ pàdé.

Mo fa ọ̀bẹ yọ. Mo tẹ́ nọ́ńbà náà sórí ewé, mo gé èyí tó kángun sẹ́yìn, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó fi í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnu òkè. Ó ní ọjọ́ ọdún lòun máa jẹ ẹ́. Mo fi ewé nu ẹnu àti ọkàn mi mọ́ tónítóní kúrò lára rẹ̀, mo sì ń yan lọ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Ẹ̀yin tí ẹ di orí mú yẹn, ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Ta nínú yín ni kò ní gé e?

Inú igbó náà, ìlú ni. Pẹpẹ ìwé ni ilé wọn, àwọn ìwé fúnra wọn ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kálukú so nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn. Mo dúró láàárín títì, mo kí wọn bí ọdẹ ṣe ń kí ìlú: mo ké ramúramù. Ẹgbẹ̀rin ìwé kọjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní “ṣṣṣṣ.” Atẹ́gùn rẹ̀ gbé mi, ó fi ìdí mi gúnlẹ̀ sínú àbàtà.

Ìyá arúgbó kan jáde, kò ga ju ìlù àgéré lọ, awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ìyá Atòwé ni wọ́n ń pè é, òun ló ni ìtọ́jú ìlú náà. Ó ní, “Ọmọ mi, níbí, ẹni tó bá pariwo làwa ń pè ní olè. Kí lò ń wá?”

Mo ka nọ́ńbà mi fún un. Ó tẹ́tí, ó dúró kí n parí. Mo ní mo ti parí.

“Kò tíì parí,” ó ní. “Orí rẹ̀ ní àìsàn ni. Àyà rẹ̀ ní ìgbàgbé ni. Ìgbàgbé ta ni? Ìrù ló ń sọ ìyẹn.”

“Ìyá, bó ṣe wà nìyẹn.”

Ó mí kanlẹ̀, ó mú mi lọ sí Agboolé Ìgbàgbé, ó kan ilẹ̀kùn. Irinwó ìwé tú jáde, gbogbo wọn ń kí mi. Ẹ sì rántí pé ìwé kẹrin ni mo kà mọ. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan dá lórí ìgbàgbé ewúrẹ́ tó bá ti jẹun nílé onílé. Ọ̀kan dá lórí ìgbàgbé ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó bá eré lọ́nà. Ti ìgbàgbé àwọn olóyè lẹ́yìn ọjọ́ ìwúyè nìkan gba yàrá mẹ́ta, ó ku díẹ̀ kó gba òrùlé. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́fà. Bí mo bá ti ṣí ojú ìwé kan, mo ń gbọ́ bí iṣu ṣe ń ta nínú ebè nílé. Lọ́jọ́ keje, mo gbé orí lé ìwé lórí, mo sunkún. Ọdẹ tó na ìka sí ẹfọ̀n lójú sunkún débi pé ìwé kan ya ewé kan lára ara rẹ̀, ó ní kí n fi nu imú.

Ìyá Atòwé wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. “Wọn kò tíì mú ọ dé yàrá ẹ̀yìn?”

“Kí ló wà níbẹ̀?”

“Ẹ̀rọ ni. Kọ̀mpútà ni ẹ̀yin ń pè é.”

Ó mú mi lọ. Nǹkan náà jókòó sórí tábìlì, ojú rẹ̀ gíláàsì, kò ní imú, iná ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn ìyá náà ṣe odi.

“Kì í jẹ ènìyàn,” ó ní. “Kì í ka ìwé pàápàá. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé ló ń kà. Ní ayé àtijọ́, iwájú nọ́ńbà nìkan la fi ń wá ìwé níbí, bí ẹni tó ń wá ènìyàn láti orúkọ baba ńlá rẹ̀. Bí o kò bá mọ agboolé, o kò rí i nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí a máa kun nọ́ńbà ní oríkèé-oríkèé, á mọ orí, á mọ àyà, á mọ ìrù. Bó bá jẹ́ ìrù nìkan lo mọ̀, á dé gbogbo agboolé, á kó gbogbo ìwé tó ní irú ìrù bẹ́ẹ̀ jáde.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo jáde lẹ́yìn rẹ̀, mo na àyà. “Ìyá, ẹran kíkun lẹ ń sọ yẹn? Ẹ mú ẹja dé odò. Èmi tí mo lè dijú kun ẹfọ̀n.”

“Ó dára,” ó ní. “Kí ni ìrù tìrẹ?”

Mo wá a lẹ́nu, mo wá a lọ́kàn. Ibi tí mo ti nu ún kúrò mọ́ tónítóní. Mo ń wá oògùn ìgbàgbé lọ, mo fi ọwọ́ ara mi gbàgbé. Ìyá Atòwé rẹ́rìn-ín láìmú ohùn jáde, títí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀.

“Gbé e fún mi,” ó ní. “Òdo títí dé ẹẹ́sàn-án, ìrù mẹ́wàá péré ló wà láyé. Ẹ̀rọ yìí kò mọ ohun tí ò ń wá, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń jẹ́ àárẹ̀.”

Ó tẹ nǹkan. Onírù òdo jáde láti gbogbo agboolé, ti òwò, ti iṣẹ́ ọwọ́, ti ìlera: gbogbo ayé pọ̀ mọ́ra wọn, kò ya ẹnì kan sọ́tọ̀. Ó tẹ oókan. Láti agboolé aṣọ, ìwé ṣòkòtò tó ní okùn léjìká jáde. Láti agboolé orin, orin tí wọ́n fi ń rẹ ẹkún. Láti agboolé oúnjẹ, ẹ̀kọ olómi.

“Kí lo rí?” ó bi mí.

“Ọmọdé.”

“Ẹ̀rọ kò mọ ọmọdé. Ó kàn kó àwọn onírù kan náà jọ ni. Ojú rẹ ló mọ̀ ọ́n. Ṣé ìyẹn lò ń wá?”

“Rárá, ìyá.”

A dé eéjì, ewúrẹ́ àti àgùntàn ni. A dé ẹẹ́rin, àwọn ọmọ ogun. A dé eéje, àwọn ará ìrìn-àjò. Títí ó fi tẹ ẹẹ́sàn-án. Láti agboolé oúnjẹ, ọbẹ̀ tí kò fẹ́ eyín jáde. Láti agboolé bàtà, bàtà tí ènìyàn lè wọ̀ láìbẹ̀rẹ̀. Láti agboolé orin, orin àwọn tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́. Láti agboolé àga, àga alápá.

Mo rí ọbẹ̀ náà, èmi ni mò ń mu ún nílé. Mo rí bàtà náà, ó wà lẹ́sẹ̀ mi. Ọ̀rọ̀ ọmọ odó ọjọ́sí padà sí mi létí: ọkọ mi kò darúgbó tó báyìí.

“Ìyá,” mo ní, “òun ni. Tàwọn àgbà ni.”

Ó so ìrù mọ́ àyà, ó so àyà mọ́ orí. Irinwó ìwé parẹ́ lójú gíláàsì, ó ku ẹyọ kan. Ìwé náà fúnra rẹ̀ jáde láti kọ̀rọ̀, ó tín-ín-rín bí ewé kókò, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ìdùnnú gbé mi sókè. Mo ṣí i.

Ojú ìwé kìíní ní: Ìgbàgbé yìí kò ní oògùn.

Mo pa á dé, mo tún un ṣí, bóyá ọ̀rọ̀ náà á ti lọ. Kò lọ. Mo gbé ìbọn, mo nà án sí kọ̀mpútà lójú. Mo ní, “Wá òmíràn.” Ó wá a. Ó ní ẹyọ kan náà ni. Mo ní, “Tún un wá.” Ó tún un wá, kò bínú, kò bẹ̀rù, kò ṣàánú mi. Ohun tó pa mí lára jù nìyẹn. Ẹfọ̀n ìbá ti sá.

Ìyá Atòwé fi ìka kan yí ẹnu ìbọn sísàlẹ̀ bí ẹni yí ṣíbí. “Ọmọ mi, ẹ̀rọ yìí lè bá ọ rí ohun tí wọ́n ti kọ. Kò lè bá ọ rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Ṣí ojú ìwé kejì.”

Ojú ìwé kejì ní: Bó bá bi ọ́ pé ta ni ọ́, má bá a jiyàn, má sunkún lójú rẹ̀. Dá a lóhùn bí ẹni tí wọn kò bi rí.

Ojú ìwé kẹta, òfìfo ni. Mo yí ìwé náà dojú dé, mo gbọ̀n ọ́n, bóyá nǹkan á já bọ́. Nǹkan kan kò já bọ́.

Ìwé kì í jáde kúrò ní ìlú náà, ọwọ́ òfo ni mo sì fi kọrí sílé. Nígbà tí mo dé bodè, Ẹlẹ́nu-Méjì ti jókòó sílẹ̀, ó di eékún mú.

Ẹnu òkè ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹrù yín.”

Ẹnu ìsàlẹ̀ ní, “Gbà á kíá. Láti ọjọ́ tí mo ti fi í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni eékún ti ń dùn mí, mo sì ń pe àwọn ọmọ mi lórúkọ àwọn àbúrò mi.” Ó tu ú sí mi lọ́wọ́. Ẹẹ́sàn-án. Bí mo ṣe wá di ọdẹ tó ń ti inú igbó bọ̀ láìsí ẹran nìyẹn, tó jẹ́ ìrù nìkan ló dì mú.

Ẹ sì mọ àṣà wa. Ìrù kì í wọlé ọdẹ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ ló ni ín.

Nígbà tí mo fi máa dé ẹ̀yìn ìlú, wọ́n ti ń ru iṣu tuntun bọ̀ láti oko. Obìnrin kan jókòó lórí gbòǹgbò igi, ó wé gèlè búlúù, ó ń wo ọ̀nà. Móradéùn ni. Ọkọ rẹ̀ ló ń dúró dè.

“Bàbá, ẹ kú ìrìn,” ó ní. “Kí lẹ gbé lọ́wọ́?”

“Ìrù ni.”

“Ìrù kí ni?”

“Ìrù nọ́ńbà kan. Tiyín ni.”

Ó gbà á, ó wò ó, ó so ó mọ́ etí aṣọ rẹ̀ bí ẹni so nǹkan gidi. Ó wá gbójú sókè. “Ta lẹ̀yin?”

Èjìká mi yún mi níbi tí ọmọ odó bà. Mo fẹ́ ké ramúramù. Mo fẹ́ di í mú kí n mì í, bí mo ṣe mi ìwé. Mo jókòó sórí gbòǹgbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì dá a lóhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹfọ̀n. Nígbà tí mo dé ibi ọmọ odó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní obìnrin yẹn kò ní sùúrù. Ó ní ọkọ rẹ̀ gbìyànjú. Ó tẹ̀ lé mi wọlé, ó bu oúnjẹ fún mi. Ilẹ̀ mọ́, ó tún bi mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ lẹ́yìn mi pé ó di ọdún kẹta tí Ọdẹ́dìran ti ń sọ ìtàn kan ṣoṣo, mo gbọ́ yín. Mo mọ̀ pé ẹ ti mọ ibi tí kìnnìún wà àti ibi tí ìwé ti ń nu imú. Ẹ ṣeun tí ẹ ń jókòó, tí ẹ sì ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ. Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń sọ ọ́ fún.

Ẹ dákẹ́ ná, ìyá fẹ́ sọ̀rọ̀.

“Bàbá, ìtàn yín dùn. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn, ṣé ó padà mọ̀ yín?”

“Kò tíì mọ̀ mí, ìyá.”

“Á mọ̀ yín. Ẹni tó rìn tó báyẹn.” Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ létí aṣọ, ó ti rí kókó tó so síbẹ̀, ó ń wò ó. “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo so síbí? Ẹ̀yin náà ńkọ́, bàbá, ta lẹ̀yin?”

Òjò ọ̀sán ti dá. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, kó wá ògiri fẹ̀yìn tì. Ìyá, ẹ gbé ọwọ́ lé apá àga yín dáadáa. Èmi ni Ọdẹ́dìran ọmọ Akíntáyọ̀, ọdẹ tó na ìka sí ẹfọ̀n lójú.